Ẹ Bá Mi Bẹ Ẹ̀rọ Yìí Kó Gbàgbé

Ẹni tó bá fẹ́ ní kí n fọkàn balẹ̀, kó kọ́kọ́ mú ₦183,150 wá. Iye tí mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. N kò yáwó lọ́wọ́ wọn. N kò bá wọn dá àjọ kí n wá kówó lọ. N kò gbé ọkọ̀ wọn jáde kí n lọ fi kọlu ògiri. Gbogbo ohun tí mo ṣe kò ju pé mo ní kí ẹ̀rọ kan máa rántí nǹkan. Ó sì rántí. Háà, ó rántí!

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ẹlẹ́kọ lẹ fẹ́ ni, oníkó ni, alábẹ́là ni, kò sí èyí tí ẹ kò ní bá ní ìsọ̀ wọn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣebí kọ̀ǹpútà lo lọ kọ́ nílé ìwé? Bá mi pa ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ará Èkó lè máa ra aṣọ láti ilé." Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ ti rí i gbà." Mo fi PHP ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ PHP, ẹ kú oríire. Èdè tí a fi ń pàṣẹ fún sáfà ni, sáfà sì ni kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rasmus Lerdorf, tí wọ́n bí ní Greenland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1994. Ohun tó ń wá nígbà náà kò ju kó mọ àwọn tó ń wá wo ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1995, ó fi í tọrẹ fún gbogbo ayé. Ẹ wò ó o, ọkùnrin kan fẹ́ mọ ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé rẹ̀, èmi ni mo wá ń san gbèsè ní Abẹ́òkúta.

Ìkànnì náà dára, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Kò tíì pé oṣù kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí. "Àbúrò, ìsọ̀ tí o pa fún mi yìí, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni? Oníbàárà mi kan ní òun tẹ̀ ẹ́, òun lọ fọ abọ́, òun padà dé, ó ṣì ń yí òòyì." Ìtìjú mú mi. Mo dà bí télọ̀ tí aṣọ ọmọ tirẹ̀ já lójú agbo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń fà á fún yín, kí ẹ lè bá mi bínú dáadáa. Ẹ ronú ìyá alámàlà kan. Oníbàárà wọlé, ó ní kí wọ́n bu méjì fún òun. Ìyá dìde, wọ́n gbé àdá, wọ́n gba oko lọ. Wọ́n wa iṣu, wọ́n rù ú wálé, wọ́n bẹ ẹ́, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìlọta, wọ́n jọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi kaná. Wọ́n rò ó, wọ́n bù ú, oníbàárà jẹun tán, ó nu ẹnu, ó lọ. Àpò èlùbọ́ tó kù ńkọ́? Ìyá gbé e, wọ́n dà á sí gọ́tà. Oníbàárà kejì wọlé, ó ní kí wọ́n bu ẹyọ kan. Ìyá tún na ọwọ́ sí àdá.

PHP nìyẹn, tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ kò yé sáfà bí mo ṣe kọ ọ́. Ó ní láti kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó gé e sí ẹyọ ọ̀rọ̀, kó to àwọn ẹyọ ọ̀rọ̀ náà bí igi tó ní ẹ̀ka, kó tó wá sọ igi náà di àwọn àṣẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní opcode. Opcode yìí ni èlùbọ́. Òun ni ẹ̀rọ Zend tó wà nínú PHP fi ń ro àmàlà, ìyẹn ojú ìwé tí oníbàárà ń rí. Tí oníbàárà bá ti rí tirẹ̀ tán, sáfà á da gbogbo opcode náà nù. Kí ìkànnì ẹ̀gbọ́n mi tó lè fi ìró kan ṣoṣo han ènìyàn, ó ń ṣí fáìlì tó lé ní irinwó. Irinwó fáìlì, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ nǹkan. Oko, iṣu, oòrùn, ilé ìlọta. Gọ́tà.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Zend, ẹ jẹ́ kí n ráhùn lé e lórí. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì méjì, Zeev Suraski àti Andi Gutmans, ni wọ́n jókòó tún PHP kọ, tí ẹ̀dà kẹta rẹ̀ fi jáde ní 1998. Wọ́n mú díẹ̀ nínú Zeev, wọ́n mú díẹ̀ nínú Andi, ó di Zend. Kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi èdè ilé wọn sínú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ PHP, mo ṣi nǹkan kékeré kan kọ, ni ẹ̀rọ bá pariwo lé mi lórí pé òun kò retí T_PAAMAYIM_NEKUDOTAYIM. Mo dìde dúró. Mo rò pé orúkọ áńgẹ́lì ni, irú èyí tí wòlíì aláṣọ funfun máa ń pè lóru kó tó lu agogo. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé èdè Hébérù ni, pé àmì "::" lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn àmì olójú méjì lọ́nà méjì. Bí ó bá ṣe ọmọ Ẹ̀gbá ló kọ PHP, ṣé wọn ì bá gbà kó kọ "o ti sọ ọ́ ṣákálá" síbẹ̀?

Oògùn ìlọ́ra yìí wà. OPcache ni orúkọ rẹ̀. Tí sáfà bá ti lọ èlùbọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, OPcache á dì í sápò, á gbé e sí iyàrá ìrántí tí gbogbo òṣìṣẹ́ sáfà lè na ọwọ́ sí. Oníbàárà tó bá dé lẹ́yìn náà, kí wọ́n kàn gbé omi kaná ló kù. Àmàlà rẹ̀ ṣì máa gbóná, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó fún un ni. Oko nìkan ni wọn kò lọ mọ́. Ní 2013 ni iléeṣẹ́ Zend tú nǹkan yìí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì bá PHP 5.5 jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ìyẹn ni pé láti ọdún yẹn ni oògùn ti wà nínú ilé. Kí ló wá dé tí kò ṣiṣẹ́ nínú sáfà tèmi?

Sẹ́míkólónì ni.

Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ php.ini, ibẹ̀ ni òfin ilé wà. Ìlà tí sẹ́míkólónì bá ti ṣíwájú, sáfà kò ní kà á. Á ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo ṣí i, mo wá ìlà OPcache, mo rí i:

;zend_extension=opcache

Ẹ wo àmì iwájú yẹn, tó dà bí kòmá tó ru ẹrù. Òun ló ń rán ìyá alámàlà lọ sí oko láti ọjọ́ yìí. Mo fi ìka kan pa á rẹ́. Mo pàṣẹ php -v lórí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, sáfà sì dá mi lóhùn pé PHP wà, "with Zend OPcache". Mo pariwo ayọ̀. Mo ṣí ìgò máàtì kan. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Àǹtí mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò báyìí." Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà ní ẹ̀yìn wọn, mo gbọ́ tí aláàrù ń ké "àgò o!", mo gbọ́ tí wọ́n ná ìró kan tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó ń yí."

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Àṣé php.ini méjì ló wà nínú sáfà kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà ní /etc/php/8.1/cli, èyí tí èmi tí mo jókòó sídìí ojú dúdú ń lò. Èkejì wà ní /etc/php/8.1/fpm, òun ni àwọn oníbàárà ń bá pàdé. Mo ti tún ilé tèmi ṣe tán, tí òrùlé oníbàárà ṣì ń jò. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ṣòkòtò méjì ni mo wọ̀ léra.

Mo lọ sí èkejì, mo pa sẹ́míkólónì ibẹ̀ náà rẹ́. Ó ṣì ń yí! Ẹ̀yin ará, àṣé ìgbà tí php-fpm, ìyẹn ẹ̀ka PHP tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nìkan ló ń ka php.ini. Tó bá ti kà á tán, kò ní wo ẹ̀yìn mọ́ títí dìgbà tí ẹ bá tún un jí. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa irú ẹ̀dá tí mo ń bá ṣe. Mo tún un jí. Ìkànnì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kí n tó ka ení, aṣọ ti hàn. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà fún mi títí owó ìpè wọn fi tán.

Bí mo bá ti fi ọwọ́ lẹ́rán níbẹ̀, kò ní sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ti là. Mo tún wọ inú òfin ilé lọ, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wá ẹran sí i nínú ọbẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìrántí tí OPcache máa gbà jẹ́ mẹ́gábáìtì 128. Mo tún rí i pé iye fáìlì tó máa gbà jẹ́ 10,000. Nígbà tí mo bi ẹ̀rọ náà léèrè iye tó gbà gan-an, ó ní 16,229. Ó ní iye tí kò ṣeé pín lòun fẹ́ràn, òun sì ti gbé èyí tó kàn lókè 10,000 nínú àwọn tí òun tò sílẹ̀. Ọlọ́jà wo lẹ mọ̀ tí ẹ ní kó wọn 10,000 fún yín, tó wá wọn 16,229, tí kò sì gba kọ́bọ̀ lé e? Ó yẹ kí ara ti fu mí. Ẹni tó bá fún yín ní èènì tó tó báyẹn ń bọ̀ wá gbà á níbòmíràn.

Ọmọkùnrin kan ń bẹ ní ọ́fíìsì wa tó mọ kọ̀ǹpútà ju bí ó ṣe mọ ìyá rẹ̀ lọ. Ó wo ojú ẹ̀rọ mi, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń jẹ́ kó máa yẹ fáìlì wò?" Ó ṣàlàyé fún mi pé tí nǹkan bá wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, tí ìṣẹ́jú-àáyá méjì bá ti kọjá, OPcache á tún wo fáìlì bóyá wọ́n ti yí i padà. Tí wọ́n bá ti yí i padà, á da èlùbọ́ àtijọ́ nù, á lọ tuntun. "Ẹ sọ validate_timestamps di 0," ló wí, "kó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó ti mọ̀." Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn létí: kó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó ti mọ̀. Mo rò pé ìwàásù ni.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejìlá ni, nígbà tí òde àríyá pọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún ti di ₦18,500. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́gbọ́n kì í kọ iye ọjà sínú fáìlì PHP. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ti sọ ọ́. Inú fáìlì ni mo kọ ọ́ sí. Ilẹ̀ ti ṣú, oorun ń kùn mí, mo tẹ 1850. Òdo kan ṣoṣo ló ṣubú. Nínú ìjókòó kan náà ni mo sọ validate_timestamps di 0, mo tún sáfà jí, ó ka iye tuntun, ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mo lọ sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù mi ké. "Àbúrò, ta ló ní kó o máa fi àdìrẹ mi ṣe sàárà? Ẹni mẹ́ta ti rà á ní ₦1,850, wọ́n ti sanwó."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ó ti tán." Mo fò dìde, mo ṣí fáìlì, mo dá òdo padà sípò. Mo wo ìkànnì. ₦1,850. Mo ní bóyá kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣe mí. Mo gba fóònù ìyàwó mi, mo wò ó níbẹ̀. ₦1,850. Fóònù mi dún: kíń! Oníbàárà kẹrin.

Inú bí mi. Mo pa fáìlì náà rẹ́ pátápátá. Mo ní tí kò bá sí fáìlì, kò ní sí iye, ìkànnì á wó, kó wó, ó sàn bẹ́ẹ̀. Mo wò ó. Ìkànnì ń dán gbinrin. ₦1,850. Fáìlì ti kú, mo ti sin ín, òkú rẹ̀ ṣì ń tajà ní Ìtòkú. Kíń! Kíń! Ìkẹfà.

Mo rántí pé àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ opcache_reset, tó máa ń tú gbogbo àpò èlùbọ́ dànù. Mo jókòó sídìí ojú dúdú, mo pàṣẹ rẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà. Ẹ ti gbàgbé ṣòkòtò méjì? Èmi náà ti gbàgbé. Ẹni tí mo pàṣẹ fún, ti ojú dúdú ni. Iyàrá tirẹ̀ ló ń wò, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Iyàrá tí ẹrù bàjẹ́ sí, ti àwọn oníbàárà, kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè lórí fóònù kan, àwọn oníbàárà ń ké lórí èkejì, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn, ó ń bi mí bóyá kí òun pe pásítọ̀. Èmi fúnra mi ti pe Paamayim Nekudotayim lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò dáhùn. Kíń! Ìkẹsàn-án.

Kí n tó rántí pé ọjọ́ àkọ́kọ́, jíjí ni mo jí i, mo ti dá fáìlì padà, mo ti tún un tẹ̀, àágùn ti bò mí. Mo tún php-fpm jí. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ló gbà. ₦18,500 yọ bí oṣù lé. Oníbàárà mọ́kànlá ti kọjá.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n dá owó padà fún wọn, kí wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣì í. Wọ́n ní, "Ọjà tí mo bá ti pe iye rẹ̀, mo ti pè é nìyẹn. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n pè mí ní oníbàjẹ́ nítorí ẹ̀rọ rẹ. Ẹ̀rọ rẹ ló pe ₦1,850, kí ẹ̀rọ rẹ san ìyókù."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ̀rọ kò ní àkàǹtì."

Wọ́n ní, "Ìwọ ní."

Ẹyọ kan jẹ́ ₦16,650, lọ́nà mọ́kànlá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Mo ti sọ validate_timestamps di 1 padà. Tí ìṣẹ́jú-àáyá méjì bá ti kọjá, sáfà á na ọrùn wo fáìlì mi bóyá mo ti fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin ọ́fíìsì ní mo ń fi àkókò ṣòfò. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ìyá alámàlà tó ń ṣí àpò wò kó tó gbé omi kaná, bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ṣé àkókò ni ìyẹn ń fi ṣòfò? Ohun tó ń dùn mí gan-an ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ kan náà ṣe mí ní oríṣi méjì. Nígbà tí mo fẹ́ kó rántí, kò rántí ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sẹ́yìn. Nígbà tí mo ní kó gbàgbé, ó di ẹlẹ́rìí kóòtù. Ọmọkùnrin náà tún ní nǹkan tuntun kan wà tó ń jẹ́ JIT, tó bá PHP 8 dé ní 2020, pé á tún mú un yá sí i. Mo ní mo ti yó.

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan yọ sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó na fóònù sí wọn. Ó ti ya àwòrán ojú ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn: ₦1,850, ó hàn gedegbe. Kò sí sáfà tí mo lè tún jí tó máa dé inú fóònù yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fi sùúrù ṣàlàyé fún un, obìnrin náà sì lọ. Wọ́n kò bù ú mọ́ gbèsè mi, mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ńkọ́? Wọ́n rántí ohun gbogbo: òdo, ọjọ́, wákàtí, orúkọ oníbàárà mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ìrántí wọn ju mẹ́gábáìtì 128 lọ. Síbẹ̀, tí àlejò bá wọlé tí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, wọn kì í sọ èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀. Orí iṣu ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí n pa ìsọ̀ fún àwọn. Wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó gbóná-gbóná fún àlejò kan. Àlejò kejì wọlé, wọ́n tún gba oko lọ. Kò sì sí sẹ́míkólónì tí mo lè fi síwájú ẹnu wọn.